Bí Mo Ṣe Di Bàbá Àbúrò Mi Nínú Ìwé Ìjọba

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìwé ìjọba lọ̀ mí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bà mí lọ́kàn jẹ́ ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kó ṣáà na fọ́ọ̀mù kan sí mi, kó ní kí n kọ orúkọ bàbá síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́. Kò tíì ju ọdún mélòó kan lọ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ nígbà náà, irun orí mi ò sì tíì ní ewú kan ṣoṣo. Síbẹ̀, bí àná ló ṣe rí lójú mi.

N ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ ti fìyà jẹ wá tó nínú ilé wa. Tí ẹ bá fẹ́ pè mí, ẹ ṣáà pè mí ní Lágbájá.

Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú wa, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Otu. Bàbá mi ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Àgbẹ̀ ni wọ́n, iṣu àti ọkà bàbà ni wọ́n ń gbìn, ilẹ̀ oko ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún wa. Àwa mẹ́ta ló kù nínú ilé: ìyá mi, èmi, àti àbúrò mi obìnrin. Èmi ni àkọ́bí, òun ni àbígbẹ̀yìn, àwọn tí wọ́n bí sí àárín wa ò dúró. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi jù ú lọ. Ẹ fi ọdún mẹ́sàn-án yẹn sọ́kàn, nítorí a ṣì máa ṣírò rẹ̀.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi fẹ́ ṣe. Láti kékeré ló ti ń fi àkísà di ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn ò dá a lóhùn. Ní ẹ̀kẹta, lẹ́tà dé. Wọ́n gbà á. Ìyá mi so gèlè mọ́ ìdí, wọ́n jó yí àgbàlá ká, wọ́n ní kí àwọn ará ilé wá wo dókítà. A ní nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ní ṣé nọ́ọ̀sì ò fún èèyàn lábẹ́rẹ́ ni?

Èmi ni mo ka lẹ́tà náà tán, èmi náà ni inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kó mú ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ dání lọ́jọ́ tí wọ́n máa wọlé, ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí tó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí gbogbo wa ń gbà ní kóòtù, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Kí ló fà á? Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé dìsípẹ́ńsárì ìlú wa ni wọ́n ti bí òun, ó fi ń yangàn pé òun kì í ṣe ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bí sí dìsípẹ́ńsárì gbọ́dọ̀ ní orúkọ nínú ìwé, kó lọ gba ẹ̀dà rẹ̀ wá. Bí kò bá mú un wá, ẹlòmíràn ń bẹ tó ń dúró de àyè náà. Ọjọ́ orí tí wọ́n sì fi ṣe gbèdéke, tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, ó ti kọjá rẹ̀. Bí àyè yìí bá bọ́, ó bọ́ pátápátá nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ lọ sí dìsípẹ́ńsárì wa. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wò mí bí ẹni tó wá béèrè ẹyin àkùkọ. Ó ní ìwé ìgbà ìwáṣẹ̀ wo ni mò ń sọ? Ó ní nígbà tí wọ́n tún kánsù pín ni wọ́n ti di gbogbo ìwé àtijọ́ sínú àpò, lọ́rí ìjọba kan wá, ó kó wọn lọ sí Ìbàdàn.

Ìbàdàn! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà Ìbàdàn ìgbà náà fún yín. Ẹ ó jí lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ẹ ó dúró lẹ́bàá títì títí lọ́rí kan yóò fi ṣàánú yín dé Ìṣẹ́yìn. Ní Ìṣẹ́yìn, ẹ ó jókòó sínú òmíràn, awakọ̀ yóò sì máa sọ pé ó ku èrò kan, ó ku èrò kan, títí oòrùn yóò fi gun orí yín. Ọyẹ́ ń mú lọ́wọ́ nígbà náà. Tí mo bá fi máa rí Ìbàdàn, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo wọ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé tíṣà ni mí á ti pọ́n bí àlàárì.

Mo wá ọ́fíìsì tí wọ́n kó àwọn ìwé náà sí rí. Fèrèsé kékeré kan ni, wọ́n kọ nǹkan sókè rẹ̀. Ẹni tó yẹ kó jókòó síbẹ̀ lọ jẹun. Mo dúró. Ó jẹun títí aago mẹ́ta fi lù. Àbí màlúù ló ń jẹ ni? Nígbà tó dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó rí pélébé, ó fi bíírò sí etí. Ó ní òwúrọ̀ nìkan ni àwọn ń wá ìwé. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Òkè-Ògùn ni mo ti wá o.”

Ó ní, “Ẹ kú ìrìn o.” Ó pa fèrèsé dé.

Mo sùn sórí ẹní ní ilé ará ìlú wa kan, mo tún padà lọ lówùúrọ̀. Akọ̀wé yìí gba gbogbo ohun tí mo ní láti sọ, ó kọ ọ́ sórí pépà, ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ méjì òní. Mo ní ṣé kò ní í ṣeé ṣe kó wò ó báyìí kí n jókòó dè é. Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àpò wà níbẹ̀, àpò lórí àpò, títí kan àjà. Ká sọ òótọ́, àánú òun náà ṣe mí díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo tún gbọ̀nà. Ọ̀gá ilé ìwé wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ṣé kò kúkú ní í sàn kí n kó lọ sí Ìbàdàn. Lọ́tẹ̀ yìí, akọ̀wé náà ti rí ìwé. Ó gbé ìwé ńlá kan sórí fèrèsé, ó lù ú, eruku rẹ̀ bò mí lójú, ó sì ṣí i síbi tó ti fi ìṣáná sàmì sí.

“Orúkọ ọmọ?” Mo sọ ọ́. Ó ní ó wà níbẹ̀.

“Orúkọ ìyá?” Mo sọ ọ́. Ó wà níbẹ̀.

“Orúkọ bàbá?” Mo dárúkọ bàbá mi. Ó fìka tẹ ìwé, ó mi orí. “Tíṣà, orúkọ tó wà níbí kọ́ nìyẹn.”

Ó yí ìwé náà sí mi. Yíǹkì rẹ̀ ti ń ṣá, ṣùgbọ́n mo rí i. Níwájú ibi tí wọ́n tẹ “bàbá” sí, orúkọ tèmi ló wà níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ, kò sí àníàní, kò sí àṣìkọ.

Akọ̀wé ní, “Ta ló ń jẹ́ Lágbájá?”

Mo ní, “Èmi ni.”

“Ẹ̀yin ni bàbá ọmọ náà?”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí.”

“Ìwé ní bàbá rẹ̀ ni yín.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i!”

Ó wo ìwé, ó wo ojú mi, ó fi ìka ṣírò, ó tún wo ìwé. Ẹ wá wò ó, èèyàn yìí ń rò ó lóòótọ́! Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní, “Ẹ kú oríire o, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.” Wọ́n máa ń sọ pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn dé Ìbàdàn, mo sì bá a pé èmi gan-an ni abuké náà.

Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò tilẹ̀ gbà mí ní ìrònú. Kí àwọn ọmọbìnrin ìsinsìnyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í la orúkọ mọ́ ọkọ wọn lórí bí ẹni ń pe ọmọ ilé ìwé, àwọn ìyá wa kì í dárúkọ ọkọ. Ìyàwó kì í dárúkọ ọkọ, kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí sínú ilé ọkọ rẹ̀ kó tó wọlé, kódà kó jẹ́ ọmọ tó ṣì ń fà nílẹ̀. Kí wọ́n tó bí mi, n ò mọ ohun tí ìyá mi ń pe bàbá mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, Bàbá Lágbájá ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí àbúrò mi, oko ni bàbá mi wà. Ìyá mi nìkan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé kí ni orúkọ bàbá ọmọ, wọ́n ní Bàbá Lágbájá. Nọ́ọ̀sì wo ìwé rẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti tẹ “bàbá” síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ló tún fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì fún? Ó kọ èyí tó kù. Mo di bàbá.

Mo ṣe gbogbo àlàyé yìí fún akọ̀wé. Yorùbá ni òun náà, ó yé e kíákíá. Ó rẹ́rìn-ín gan-an, ó ní ìyá òun náà ò pe bàbá òun lórúkọ rí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo ní kó wá fa igi lé e, kó kọ orúkọ bàbá mi síbẹ̀, kí n máa lọ.

Ẹ̀rín rẹ̀ tán. Ó ní èèyàn kan kì í fa igi lé ìwé ìjọba. Ó ní ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ wá fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ, kó búra, kí wọ́n tó lè tún un ṣe.

Mo ní, “Èmi ọmọ rẹ̀ ń kọ́? Èmi náà mọ orúkọ bàbá mi.”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà láàyè.”

“Ṣé wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́?” Mo ní rárá. “Ìyá ni kí ẹ mú wá, tíṣà.”

Ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlá kí àbúrò mi wọlé.

Ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo dé. Mo jókòó tì wọ́n, mo ròyìn. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti di bàbá àbúrò mi, wọ́n fi ẹ̀gúsí sílẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ké sí àbúrò mi nínú yàrá pé kó jáde wá kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Àbúrò mi kúnlẹ̀ lóòótọ́, aláìnítìjú, ó ní, “Bàbá mi, ẹ kú àbọ̀, kí lẹ rà fún mi bọ̀?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn, ó dùn mí pé èmi ni mo máa dá a dúró.

Mo ní, “Ìyá, wọ́n ní kí ẹ wá.”

“Kí n wá ṣe kí ni?”

“Kí ẹ wá búra, kí ẹ dárúkọ Bàbá.”

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ta ni kó dárúkọ wọn?”

“Ẹ̀yin.”

“Ẹnu mi kọ́,” ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀gúsí wọn.

Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni, kò sí ẹni tó máa kà á sí àfojúdi. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ara mi ti kan, ọ̀nà Ìbàdàn ti jẹ mí ní egungun, ni mo bá sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní, “Ìyá, wọ́n ti kú! Wọn ò lè gbọ́ yín!”

Ìyá mi gbójú sókè, wọ́n wò mí. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé yìí, kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu mi. Ìyá ọkọ mi kú, wọn ò gbọ́ ọ. Ìgbà tí inú ń bí mi sí wọn, tí mo kẹ́rù padà sílé wa, n ò pè é. Ọjọ́ tí wọ́n ń kú lọ mọ́ mi lọ́wọ́, tí mò ń pè wọ́n pé kí wọ́n má lọ, Bàbá Lágbájá ni mò ń pè. O wà níbẹ̀, ṣebí o gbọ́. Èyí tí n ò pè kí wọ́n má bàa kú, ṣé akọ̀wé Ìbàdàn ni n ó wá pè é fún?”

Mo dìde, mo lọ wẹ eruku ara mi.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi, pé bóyá wọ́n á bá mi bẹ ìyá mi. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n fọwọ́ lérán. Wọ́n ní ìyá mi ò jayò pa, pé ìyàwó tó kọ́ ẹ̀kọ́ nílé ni. Wọ́n tún ní ọmọ náà ò sì gbọdọ̀ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n gba èkejì, wọ́n wá ní kí Ọlọ́run ṣe é ní ìrọ̀rùn. Mo dúpẹ́, mo padà sílé. Kò sí ohun tó ń rẹ èèyàn tó àgbà tí kò mọ ohun tí òun máa sọ.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Èmi àti ìyá mi ń kí ara wa láàárọ̀ bí àlejò. Àbúrò mi ni kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó jáde wá síwájú ìyá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ má dààmú ara yín mọ́. N ó kọ́ ìránṣọ. Àǹtí tó ń ránṣọ ní Ṣakí ní òun máa gbà mí.” Ó rọra sọ ọ́ ni, kò sunkún. Ó ti ká lẹ́tà náà wẹ́wẹ́, ó sì fi sínú Kùránì bàbá wa. Ìyá mi ò jẹun lọ́jọ́ náà, lọ́jọ́ kejì nígbà tí mo ń múra ilé ìwé, wọ́n yọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n ní, “Ọjọ́ wo ni lọ́rí ń lọ?”

Ọjọ́ Túsìdé tó tẹ̀ lé e ni a lọ, ọ̀sẹ̀ tí àbúrò mi máa wọlé gan-an. Ìyá mi ò tíì kọjá Ìṣẹ́yìn rí ní gbogbo ayé wọn. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ yídì, wọ́n sì di ẹ̀kọ tútù sínú igbá. Mo rò pé wọ́n á máa wo ìgboro, kí wọ́n máa bi mí ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn nìkan ni wọ́n ń wò láti ilé dé Ìbàdàn. Ètè wọn ń mì díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé tẹ̀sùbáà ni wọ́n ń ṣe, n ò dá wọn lẹ́nu. A sùn sí ilé ará ìlú wa yẹn, nígbà tó di òwúrọ̀ Wẹ́sìdé, àwa la kọ́kọ́ dé ẹnu fèrèsé.

Akọ̀wé náà kí ìyá mi dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ dé ìwọ̀n tí fèrèsé gbà á láyè. Ó mú wa lọ sí yàrá kan ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí bàbá àgbàlagbà kan ti ń gbọ́ ìbúra. Bàbá náà ti fẹ́ fẹ̀yìntì, ojú wọn fani mọ́ra, ṣùgbọ́n wọ́n ń fọwọ́ ti etí síwájú kí wọ́n tó gbọ́ èèyàn. Ẹnu ọ̀nà wọn ò ní ilẹ̀kùn, aṣọ ló ta bò ó. Lóde, àwọn èèyàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró de tiwọn.

Bàbá náà fún ìyá mi ní Kùránì. Ìyá mi búra. Bàbá náà bi wọ́n ní orúkọ ara wọn, wọ́n sọ ọ́. Wọ́n bi wọ́n ní orúkọ ọmọ, wọ́n sọ ọ́. Wọ́n wá ní, “Orúkọ bàbá ọmọ?”

Bàbá náà fi bíírò dúró lórí pépà. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi rọra wí pé, “Bàbá Lágbájá.”

Mo ní, “Ìyá!”

Bàbá náà ní, “Ìyá, àṣìṣe tí a fẹ́ tún ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ ṣe sùúrù, ẹ sọ ọ́ bí òfin ṣe ní kí ẹ sọ ọ́.”

Ìyá mi yíjú sí mi. “Jáde.”

“Ìyá, mo fẹ́...”

“Mo ní kí o jáde. N ò lè pe bàbá ẹ lójú ẹ.”

Mo jáde, mo dúró ti ògiri lẹ́yìn aṣọ yẹn. Mi ò fẹ́ gbọ́, n ò sì lè kúrò níbẹ̀. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kì í ṣe bàbá olùgbọ́ ìbúra ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Wọ́n ní, “Olówó orí mi, ẹ má bínú sí mi o. Àfojúdi kọ́. Ọmọ yín ni, àbígbẹ̀yìn yín. Ìjọba ló ní dandan ni.” Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá mi. Oríkì orílẹ̀ wọn ni, èyí tí wọ́n máa ń fi pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n bá ti oko dé pẹ̀lú iṣu lórí. Ọdún mẹ́fà ni n ò ti gbọ́ ọ. Wọ́n kì wọ́n títí, wọ́n mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n dárúkọ náà, ohùn wọn lọ sílẹ̀ bí ti ẹni ń bá ọmọ tó ń sùn sọ̀rọ̀.

Bàbá náà ní, “Ìyá, n ò gbọ́. Etí mi ò dára mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é sókè.”

Mo gbé orí lé ògiri. Ó rẹ̀ mí débi pé tí wọ́n bá ní kí n yàn nígbà náà, n bá ní kí àbúrò mi kúkú lọ máa ránṣọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi pè é. Wọ́n fi gbogbo ọ̀nà ọ̀fun pè é, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń pe ẹni tó wà ní ìkángun oko. Ó gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kan. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì gbójú sókè. Ọkùnrin kan tó wà níkángun tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, pé kí òun rí ẹni tí wọ́n ń pè.

Kò sí ẹni tó dáhùn. Èmi tíṣà, èmi àgbàlagbà ọkùnrin, mo bú sẹ́kún níwájú àwọn tí n ò mọ̀ rí.

Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, wọ́n ti tẹ ìwé náà, wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí i. Akọ̀wé nà án sí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ wò ó bó ṣe rọrùn.” Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Òkò àbínúsọ kì í pẹyẹ, mo ní, “Ẹ ṣé.” Ní ọjọ́ Jímọ̀, àbúrò mi mú ìwé náà wọlé, wọ́n kàn wò ó fìrí, wọ́n sì sọ ọ́ sínú fáìlì. Ó ṣe iṣẹ́ náà títí tó fi fẹ̀yìntì.

Ní gáréèjì lọ́jọ́ Wẹ́sìdé yẹn, awakọ̀ ní ó ku èrò kan. Ìyá mi ní kí n wá omi àlùwàlá fún àwọn. Wọ́n kírun àlàásárì lórí àpò ìrẹsì lábẹ́ igi dóńgóyárò, èmi náà kí tèmi lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, wọ́n ṣe àdúà fún àbúrò mi, wọ́n ṣe é fún mi, wọ́n wá kan òkú wọn. Wọ́n ní kí Ọlọ́run foríjin bàbá mi, kó fi àyè gbà wọ́n ní Àlùjánńà. Orúkọ bàbá mi gan-an ni wọ́n dá níbẹ̀, ohùn wọn ò lọ sílẹ̀.

Mo yíjú, mo ń wò wọ́n. Wọ́n fọwọ́ pa ojú, wọ́n gbọn àpò náà, wọ́n ń ká a.

Wọ́n ní, “Kí lò ń wò? Èyí tí mo ti pè fún akọ̀wé, ṣé Ọlọ́run ni n ó wá fi í pamọ́ fún?”